Odò Kì Í Gun Òkè

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹjọ

Ọ̀rọ̀ méjì ló bá mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀kan ṣeé sọ nílé. Nítorí èkejì ni mo ṣe ra ìwé yìí.

Láàárọ̀, dókítà ojú ní kí n gbé àgbọ̀n mi lé orí ẹ̀rọ, kí n máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkúùgbà tí mo bá rí àmì iná kékeré. Mo rò pé mo ṣe dáadáa. Nígbà tó yẹ ìwé tí ẹ̀rọ náà tẹ̀ jáde wò, ó ní ìdajì àwọn àmì tó wà lápá òsì ni n kò rí rárá. Ìfúnpá inú ojú mi méjèèjì ga ju bó ṣe yẹ lọ, ojú òsì sì ti ń kú láti etí bọ̀ wá sí àárín. Kò dùn mí, kò pọ́n, kò ṣepin. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ó ní kí n padà wá fún iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kejìdínlógún. Mo dúpẹ́, mo ti káàdì tó kọ ọjọ́ náà sí bọ àpò.

Lọ́sàn-án, àbúrò mi obìnrin dé láti ilé-ìwé rẹ̀, níbi tó ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn fọ́. Àjọ tó ń ṣe ìdánwò ti gbà, fún ìgbà àkọ́kọ́, kí mẹ́rin nínú wọn ṣe ìdánwò jọ́gíráfì. Orí ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n máa dán wọn wò: òkè rẹ̀, odò rẹ̀, aṣálẹ̀ rẹ̀, bí ilẹ̀ náà ṣe tò. Àmọ́ ilé-ìwé ló máa pèsè máàpù tí ọwọ́ lè kà. Alábẹ̀wò máa wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù tó ń bọ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, jọ́gíráfì di èèwọ̀ fún wọn nìyẹn. Bó bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìdánwò di ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá.

Ó ní, “Bọ̀dá mi, ọgbọ̀n ọdún lẹ fi ya máàpù kí ẹ tó fẹ̀yìn tì. Ta ni kí n tún tọ̀ lọ?”

Mo ti gbà kó tó parí ọ̀rọ̀. Ẹnu mi yá ju làákàyè mi lọ.

Ọjọ́rú, 6 oṣù kẹjọ

Káfíńtà wá wọn yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ọmọ wa obìnrin ń sùn kó tó lọ ilé ọkọ. Mo ní mo fẹ́ pátákó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà níbùú, mẹ́fà lóròó. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀kùn, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin àti Éṣíà yín lẹ jọ máa gbé inú yàrá yìí dalẹ́.” Òótọ́ ló sọ. Bí símẹ́ńtì bá ti wà lórí ẹ̀, kò ní ṣeé gbé dúró gba ẹnu ọ̀nà kọjá. A fẹnu kò sí i pé kó pín in sí méjì, kó fi nọ́ọ̀tì dè é pọ̀ lẹ́yìn.

Símẹ́ńtì funfun ti gbówó lórí. Ìyàwó mi ní ṣé wúrà ni wọ́n ń lọ̀ sínú ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù kẹjọ

Ìṣirò ni mo fi gbogbo ọjọ́ ṣe. Bí sẹ̀ǹtímítà kan bá dúró fún àádọ́ta kìlómítà, Éṣíà á wọ orí pátákó, àmọ́ òkè tó ga jù lọ láyé kò ní tó mìlímítà méjì. Ìka wo ló máa mọ̀ pé òkè Himaláyà lòun ń gùn? Mo sọ gíga gbogbo òkè di ìlọ́po ogún. Èyí tó ga jù wá di sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀, ilẹ̀ gíga Tìbẹ́tì di bíi méjì, Sàìbéríà ìwọ̀ oòrùn sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹrẹsẹ.

Nígbà tí mo parí, mo di ojú ọ̀tún, mo fi tòsì wo férémù ilẹ̀kùn. Mo rí férémù náà. Mi ò rí ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 13 oṣù kẹjọ

Mo ti to páálí dé orí àwọn òkè. Òkè kọ̀ọ̀kan, páálí lórí páálí, bí àtẹ̀gùn. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ló dé tí mo ń yí orí bí adìyẹ tó gbúròó àṣá. Mo ní ọrùn ló ń dùn mí. Ó lọ gbé ìpara wá, ó sì fi ra mí lọ́rùn títí ara mi fi gbóná. Mo jókòó bí olè tí wọ́n ń ṣe lálejò.

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù kẹjọ

Mi ò lọ fún iṣẹ́ abẹ náà. Mo ti po símẹ́ńtì Tìbẹ́tì, bí mo bá fi í sílẹ̀ á dì mọ́ inú báàfù. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù kẹjọ

Ọjọ́ kẹrin rèé tí òjò ò dá. Símẹ́ńtì ò gbẹ. Mo tẹ àárín Ṣáínà, ìka mi rì bí ẹni tẹ ẹ̀kọ gbígbóná. Fáànù ń fẹ́ ẹ láti àárọ̀, ohun tó sì ń fẹ́ ò ju ọ̀rinrin lọ. Ìdí páálí ti ń bu funfun. Mo fi ọtí kíkan nù ún. Gbogbo ilé ń rùn.

Ọjọ́ Ajé, 25 oṣù kẹjọ

Símẹ́ńtì náà sán. Láti orí àwọn òkè Pàmírì, ó gba ìdí Himaláyà, ó dé ojú ibi tí pátákó méjèèjì ti pàdé. Mo lè ti ìbòrí bírò mi bọ inú rẹ̀.

Káfíńtà dá pátákó náà dojú délẹ̀ lórí ìrọ̀rí mẹ́fà, ó kan igi mẹ́rin mọ́ ọn lẹ́yìn kó má bàa wọ́ mọ́. Bó ti ń kan ìṣó ni òógùn ń bò mí. Kò sí nǹkan kan tó já bọ́. Ó ní kí n má po símẹ́ńtì yẹn lómi tó bẹ́ẹ̀ mọ́, pé mo ń pò ó bí ọbẹ̀ ilé àna. Mo dí ojú sísán náà. Bí ó bá tún sán, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún àbúrò mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 oṣù kẹjọ

Àbúrò mi mú méjì wá nínú àwọn mẹ́rin tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ọkùnrin náà wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọdún méjìdínlógún kí bátìrì mọ́tò tó bú sí i lójú. Dírẹ́bà ni gbogbo ilé-ìwé ń pè é títí dòní. Bó bá yege, ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ máa gbà á. Obìnrin náà, aránṣọ ni. Àìsàn ló mú ojú tiẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ó ṣì ń rán etí aṣọ.

Aránṣọ fi àtẹ́lẹwọ́ wọn etíkun lọ́nà tó fi ń wọn aṣọ, ó ní ibi tí Íńdíà ti ṣe ṣóńṣó wọ inú òkun dà bí ọrùn aṣọ tí wọ́n gé dáadáa. Ó fọwọ́ kan yanrìn tí mo lẹ̀ sí aṣálẹ̀ Góbì àti ti Arébíà, ó fọwọ́ kan ìyẹ̀fun igi tí mo fi ṣe igbó Sàìbéríà. Ó ní ìyàtọ̀ wọn hàn, àmọ́ kí n fọ́n yanrìn náà fẹ́lẹ́, ó ń họ ìka.

Dírẹ́bà ní tirẹ̀ ń fa ìka kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, “Odò wo rèé? Kò yà, kò wọ́, ó gba orí òkè, ó gba àfonífojì. Odò yìí le o.”

Ojú ìdè pátákó ni. A rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo tó rò ó wò. Bí ìdánwò bá dé, ta ló máa sọ fún un pé kì í ṣe odò? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi símẹ́ńtì bò ó.

Ọjọ́rú, 3 oṣù kẹsàn-án

Mo ń lẹ okùn odò. Òwú nípọn, gọ́ọ̀mù, sùúrù. Àwọn odò ńlá mẹ́ta Sàìbéríà ń ṣàn lọ sí àríwá, sínú òkun dídì. Dírẹ́bà, tó ń wá lójoojúmọ́ báyìí, ní kí n ṣàlàyé. Mo sọ fún un pé bí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, yìnyín apá gúúsù ló ń kọ́kọ́ yọ́, ẹnu odò lápá àríwá ṣì dì, nítorí náà omi á kún bo gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín. Ó ronú díẹ̀, ó ní ó yé òun: iwájú ti dí, àwọn ẹlẹ́yìn ò mọ̀, wọ́n ṣì ń tẹ iná. Ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ya máàpù, mi ò gbọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ yéni bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù kẹsàn-án



Dírẹ́bà ń gba orí àwọn odò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí Bramapútírà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orísun rẹ̀ lẹ́yìn Himaláyà, ó tọ̀ ọ́ lọ sí ìlà oòrùn, jẹ́jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó padà sẹ́yìn, ó tún lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

“Ọ̀gá, ibi tí odò yìí ti yà, ẹ wá wò ó.”

Mo ní ibẹ̀ ló ti máa ń yà sí gúúsù, kó tó lọ sínú Íńdíà.

“Ó yà lóòótọ́. Àmọ́ ó kọ́kọ́ gun òkè. Ọkọ̀ ń gun òkè torí pé epo ń tì í. Odò kì í gun òkè, Ọ̀gá. Ta ló ń tì í?”

Mo wò ó, mi ò rí àbùkù kankan. Ó wá ọwọ́ mi kàn, ó di ìka mi mú, ó fi í lé okùn náà. Ìka mi gòkè, ó gòkè sí i, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì. Mo ti tẹ́ odò gba orí Himaláyà kọjá bí afárá. Odò náà gan-an kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń yí òkè ńlá tó kẹ́yìn po, ó sì ń gba inú kòtò jíjìn kan tó gé ilẹ̀ náà sọ̀ kalẹ̀. Mo ti mọ èyí láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Ìhà àríwá pátákó ni mo dúró sí nígbà tí mo lẹ̀ ẹ́, ìlà oòrùn sì bọ́ sí òsì mi.

Dírẹ́bà ní, “Èwo nínú ojú yín ni kò ríran?”

Mo sọ fún un. Òun ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Mo sọ ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi, mo sọ pé mi ò lọ. Kò bú mi. Ó ní ọjọ́ tí bátìrì bú lójú òun, ẹrù àwọn oníṣòwò wà lẹ́yìn ọkọ̀. Òun fi omi bọ́jú, òun fi ojú kan tó ṣì ń ríran díẹ̀ wakọ̀ ọjọ́ méjì kí òun tó yà sí ọsibítù.

“Ẹrù náà dé, Ọ̀gá,” ló wí. “Kò sí èyí tó fọ́ níbẹ̀.”

Ó wá ọ̀pá rẹ̀ kàn, ó sì lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù kẹsàn-án

Mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ kòtò odò náà. Ìka ni mo fi tọ́ ọ, mi ò gba ojú gbọ́. Mo tún gbogbo odò yòókù fọwọ́ tọ̀. Odò Íńdúsì náà ń gun òkè díẹ̀ lápá ìwọ̀ oòrùn. Mo gbẹ́ ìyẹn náà.

Ọjọ́rú, 10 oṣù kẹsàn-án

Mo lọ. Dókítà kò pariwo, ó kàn gbé ìwé tẹ́lẹ̀ àti ti òní ka iwájú mi. Dúdú tó wà lórí ti òní fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kódà ó ti bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀tún.

“Bàbá, ohun tó ti lọ yìí, kò sí dókítà tó máa dá a padà fún yín. Èyí tó kù ni mo fẹ́ dì mú. Ẹ wá lọ́la.”

Mo bi í pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ńkọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: mi ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mi ò gbọdọ̀ gbé ẹrù, mi ò gbọdọ̀ kàwé, mi ò gbọdọ̀ kọ̀wé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó di ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá. Ó fún mi ní oògùn tí mo máa kán sójú lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ó sì kọ ọ́ sínú káàdì pé òun sọ fún mi, èmi ni mo kọ̀. Ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i.

Ṣé ìwà akọni ni mo ń hù àbí ìwà òmùgọ̀? Bí mo bá jáwọ́ báyìí, àwọn mẹ́rin yẹn ò ní ṣe ìdánwò. Ìyẹn dájú. Àmọ́ ó tún dájú pé ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ náà ń bà mí, mo sì rí iṣẹ́ fara pamọ́ sí. Mi ò mọ èyí tó wúwo jù.

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù kẹsàn-án

Agolo gọ́ọ̀mù wà lápá òsì mi. Mi ò rí i. Ìgbọ̀nwọ́ mi gbá a, ó dà bo gbogbo Arébíà, ó sì ń ṣàn lọ sínú Òkun Pupa. Mo kígbe. Ìyàwó mi sáré wọlé, ó na ọwọ́ sínú páálí tí mo ń kó àkísà sí. Ibẹ̀ ni mo tọ́jú oògùn ojú sí.

Ó ka ara ìgò náà. Ó ka ìwé tí wọ́n ká mọ́ ọn. Ó gbé e kalẹ̀ sórí fèrèsé, ó kúnlẹ̀, ó sì nu gọ́ọ̀mù náà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù kẹsàn-án

Ọjọ́ méjì ló fi gbé oúnjẹ síwájú mi láìsọ̀rọ̀. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Lónìí, mo ń tún yanrìn Arébíà lẹ̀, ó wọlé, ó jókòó sórí àpótí.

“Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń sùn lápá òsì yín,” ló wí. “Ìgbà wo lẹ ti rí mi kẹ́yìn?”

Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní ìyẹn ṣì ń bọ̀, kí n kọ́kọ́ gbé máàpù títẹ̀ tí mo ń wò ṣiṣẹ́ kọ́ sára ògiri fún òun. Òun á máa wò ó, òun á máa pe orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan, kí èmi máa fọwọ́ lẹ orúkọ tí àbúrò mi fi bréèlì, lẹ́tà tí ọwọ́ ń kà, lù sára páálí. Láti ìgbà yẹn ló ti ń pe àwọn orúkọ náà bó ṣe wù ú. Ó pe odò Yẹnisẹ́ì ní “Ìyẹn-ń-ṣẹ̀-ẹ́”. Mi ò tún un ṣe. Nígbà tó di aago mẹ́rin, ó kán oògùn sí mi lójú. Ọwọ́ rẹ̀ le.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù kẹsàn-án

A kó o lọ sí ilé-ìwé. Káfíńtà tú nọ́ọ̀tì, ọkùnrin mẹ́rin gbé ìdajì kọ̀ọ̀kan ní ìdùbúlẹ̀, wọ́n yí i díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń gbé aláìsàn. Òjò ká wa mọ́ ọ̀nà. A fi tapólì bò ó, Dírẹ́bà jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì lé e. Ṣóńṣó ilẹ̀ kan já lápá ìlà oòrùn. Ó mú un dání nínú àpò rẹ̀ títí a fi dé. Mo ti lẹ̀ ẹ́ padà, mo sì tún fi símẹ́ńtì bo ojú ìdè pátákó méjèèjì.

Ọ̀la ni mo fẹ́ sinmi. Mi ò rò pé oorun máa kùn mí.

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù kẹsàn-án

Alábẹ̀wò dé láago mẹ́sàn-án. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé rúlà àti máàpù títẹ̀ lọ́wọ́. Ó wọn ibi gbogbo. Ó ní òkè mi ga jù. Mo ṣàlàyé ìlọ́po ogún, ó ní kí n kọ ọ́ sí etí pátákó ní lẹ́tà bréèlì, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìyẹn rọrùn.

Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan orúkọ tí a lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè kọ̀ọ̀kan àti odò kọ̀ọ̀kan, ó bi wá pé kí ni wọ̀nyí. Àbúrò mi fi tayọ̀tayọ̀ sọ pé orúkọ ni, ní bréèlì, mọ́kànlélọ́gọ́ta. Alábẹ̀wò ní, “Ọ̀gá, ìdánwò lẹ fẹ́ ṣe fún wọn ni, àbí ìdáhùn lẹ fẹ́ kà sí wọn létí?”

Kò sí ẹni tó ronú kàn án nínú gbogbo wa. Kò ṣìkà, òótọ́ ló sọ. Gbogbo orúkọ gbọ́dọ̀ kúrò, kí lẹ́tà kan tàbí méjì rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun á padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bí kò bá tíì parí, òun á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí máàpù.

Àbúrò mi lọ sínú yàrá ìkẹ́rùsí. Nígbà tó jáde, ó ti bọ́jú.

Ọjọ́rú, 24 oṣù kẹsàn-án

Orúkọ kọ̀ọ̀kan tí mo bá ṣí ń bó símẹ́ńtì lọ. Mo ń dí ihò tẹ̀ lé ihò. Aránṣọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti àárọ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ lu lẹ́tà sára páálí, ó ń fi sísọ́ọ̀sì gé e lọ́gbọọgba. Ìyàwó mi ń kà á, èmi ń lẹ̀ ẹ́. Ó ku mẹ́tàdínlógún. Aránṣọ ní kí n má mí sí òun lọ́rùn, pé lẹ́tà ò ní torí ìyẹn yára.

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù kẹsàn-án

Alábẹ̀wò padà wá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò fún wákàtí kan. Ó dé ibi adágún Báíkálì, tí kò sí adágún tó jìn tó o láyé, ó tẹ ìka bọ inú ihò rẹ̀, ó sì jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó bọ́ síwájú tábìlì, ó bọwọ́ lu ìwé. Kò kí wa kú iṣẹ́.

Símẹ́ńtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà méje ò tíì gbẹ. Mi ò sọ fún un.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù kẹwàá

Wọn ò jẹ́ kí a wọlé. Èmi àti àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ òrùlé, òjò ń rọ̀ níwájú wa bí aṣọ títa. Wákàtí mẹ́ta. Bí àga bá ti ró nínú yàrá, a ó wo ara wa. Ẹ̀rù méjì ló dì mọ́ mi: kí lẹ́tà má ṣí, kí òjò má sì jẹ́ kí ojú sísán náà là padà. Mo ti gbàgbé ọ̀la pátápátá, àfi ìgbà tí àbúrò mi bi mí bóyá mo ti di ẹrù ọsibítù. Ìyàwó mi ti sọ fún un. Ó ní, “Ká ní mo mọ̀, Bọ̀dá mi, mi ò ní bẹ̀ yín.” Mo ní ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ.

Aránṣọ ló kọ́kọ́ jáde. Ó ń sunkún. Ó mọ ibi gbogbo, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ rọra ń rìn bó ti ń wọn aṣọ, agogo sì lù nígbà tó ku ìbéèrè méjì. Àwọn méjì yòókù ní ó dára. Dírẹ́bà ló jáde kẹ́yìn. Wọ́n ní kí ó mú odò kan, kí ó tọ̀ ọ́ láti orísun dé ẹnu rẹ̀, kí ó ṣàlàyé ohun tó mú kí àwọn ènìyàn pọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ju òkè lọ. Mo bi í pé odò wo ló mú.

“Èyí tí a jọ tún ṣe,” ló wí. “Kò gun òkè mọ́.”

Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù kẹwàá. Aago méje àárọ̀

Ẹ̀rù ń bà mí. Ìyàwó mi ti wọ bàtà.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kọkànlá

Èmi ìyàwó rẹ̀ ni mo ń kọ èyí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé lónìí, àmọ́ dókítà fi méjì kún un, ó sì ní bí òun bá gbọ́ pé ó mú bírò, òun á wá bá a nílé. Ó ń pè é, mo ń kọ ọ́.

Ó ní kí n kọ ọ́ pé ojú ọ̀tún dúró. Dókítà fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò lánàá, dúdú rẹ̀ kò tàn sí i. Tòsì kò ní padà. Ó ń rí ohun tó wà níwájú rẹ̀ gan-an bí ẹni ń wo inú páìpù. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ti gba èyí mọ́ra. Mo bi í pé ṣé òótọ́ ni. Ó ní kí n kàn kọ ọ́.

Èsì ìdánwò jáde lánàá. Mẹ́ta yege. Dírẹ́bà ló ṣe jù, ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ á gbà á lẹ́yìn ọdún tuntun. Aránṣọ ò yege. Ó wá síbí láàárọ̀ yìí fúnra rẹ̀, àbúrò ọkọ mi ló mú un wá. Ó ní òun á tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, òun ń fi aago kọ́ ara òun báyìí. Ọkọ mi ní kó jókòó, kó jẹun. Aránṣọ ní aṣọ oníbàárà ń dúró de òun.

Lẹ́tà tún wá láti ọ̀dọ̀ àjọ ìdánwò. Alábẹ̀wò náà ló bọwọ́ lù ú. Wọ́n ń béèrè bóyá ẹni tó ṣe máàpù Éṣíà lè ṣe ti Áfíríkà àti ti Amẹ́ríkà gúúsù, fún ilé-ìwé mẹ́rin mìíràn. Ọkọ mi ní kí n kọ ọ́ pé òun gbà.

Mo ní mi ò kọ ọ́.

A wà lórí ẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Ó bínú, èmi náà bínú. Nígbà tó yá, ó ní kí ni kí n wá kọ. Mo ní kí a kọ pé ó máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ọwọ́ Aránṣọ ló máa ṣe etíkun. Ọwọ́ Dírẹ́bà ló máa ṣe òkè àti odò kó tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Èmi ló máa ka ìwé. Òun á jókòó sórí àga, á máa pàṣẹ, bó ti máa ń fẹ́. Ó ní ṣé òun á lè fọwọ́ kàn án bí ó bá parí? Mo ní ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni.

Ìyẹn la kọ. Mo kà á sí i létí lẹ́ẹ̀mejì.

Báyìí ó ní kí n fi kún un pé ẹ̀rù kò ba òun mọ́. Mo kọ ọ́ bó ti pè é. Àmọ́ apá òsì rẹ̀ ni mo jókòó sí, ó sì ti di ọwọ́ mi kan mú láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì fi í sílẹ̀.